Làálì Tó Bo Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ọkọ mẹ́ta ni igi ẹnu ọ̀nà wa gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò sọ ọ́ láti fi pa yín lẹ́rìn-ín o. Bí ẹ bá dé Kokomlemle ní Accra, ẹ béèrè ilé Àlàájì Àkíbù aláṣọ, kí ẹ sì béèrè Fáòsíà ọmọ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn náà, àwọn mìíràn tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Igi làálì ni. Ìyá mi, Àmínátù, ló gbìn ín yí ilé wa ká lọ́dún tí ó bí mi. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sìn mí lọ sílé ọkọ, òun ò ní ra làálì ọjà lé sí mi lọ́wọ́, ti ilé ni òun máa já. Nígbà tó wà láyé, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń gé e, kò sì jẹ́ kó ga ju àyà lọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí Ọlọ́run pè é. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti búra pé irin kankan kò gbọdọ̀ kan igi Àmínátù mọ́.

Ọdún méjìlá kọjá. Ọgbà di igbó. Ó ga dé òrùlé, ó ya ẹ̀ka sí títì, ó yọ ẹ̀gún, ó sì bo géètì wa débi pé ẹni tí kò mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀sán gangan la máa ń tan iná nínú pálọ̀ wa, ìyẹn bí iná bá wà, nítorí ọdún dúmsọ̀ ni, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú.

Bí a ṣe pàdánù àwọn ọkọ náà nìyí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Màmá Adùnọlá, tó ń gbé pẹ̀lú wa, ló ń bá mi ṣe alárinà. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kumasi pé ọmọ àwọn ti tó ilé ọkọ. Àgbàlagbà mẹ́rin dìde, wọ́n wọ mọ́tò wá sí Accra. Wọ́n wá géètì wa títí, wọn ò rí i. Èyí tí wọ́n rí ni ti Màmá Zuweira, opó tó múlé tì wá, tó sì bí ọmọbìnrin mẹ́rin. Wọ́n wọlé, ó kí wọn káàbọ̀. Ẹ sì mọ ìṣe wa: a kì í bi àgbàlagbà ní ohun tó bá wá kó tó jẹun. Wọ́n jẹun. Ọmọ rẹ̀ àgbà gbé omi fún wọn lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n nu ẹnu tán, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ní, “A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, a fẹ́ tọrọ rẹ̀.” Wọn kì í dárúkọ ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màmá Zuweira náà ò béèrè orúkọ. Ó ní, “A ti ń retí yín.”

Kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti ṣìlé, wọ́n ti yó, wọ́n ti ṣe Fátíhà, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ fún ẹni tí wọ́n jẹ oúnjẹ rẹ̀ pé òdòdó ibòmíràn ni àwọn ń wá. Ọmọ náà sì rẹwà, ká má purọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Màmá Adùnọlá dúró sí títì fúnra rẹ̀ láti dá wọn lọ́nà. Ó kàn sáré wọlé láti kí ìrun Àsárì ni. Kó tó sálámà, ó ti ń gbọ́ ìró ṣíbí lọ́hùn-ún.

Ìgbà mẹ́ta ni mo wọ aṣọ tuntun lọ síbi ìgbéyàwó ọkọ ara mi, tí mo sì jókòó sáàrin àwọn àlejò. Zuweira tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn nìkan ló kù nílé wọn. Ìyá rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ọbẹ̀ tán nínú ìkòkò, ó ní èèyàn ò mọ ọjọ́ tí àlejò máa dé.

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà tí mo pàdé Suhaib. Mo ń kánjú lọ sí ìsọ̀ wa ní Odawna ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe yọ orí ní géètì ni ẹ̀gún làálì gbá híjáàbù mi mú lẹ́yìn. Mo fà á, kò tú. Mo tún fà á.

“Sister, gyae! Ẹ má fà á mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ya, igi yẹn ò ní ya.”

Mo yí ojú díẹ̀ tí ẹ̀gún gbà mí láyè láti yí. Ọkùnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀ lórí aboboyaa, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Ewé àti ẹ̀ka kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mú àlùmọ́gàjí ńlá kan dání, irú èyí tí wọ́n fi ń gé igi ọgbà.

“Ẹ jẹ́ kí n gé ẹ̀ka yẹn kúrò,” ló wí.

“Ẹ má gé e! Bàbá mi á pa yín.”

“Nítorí ẹ̀ka kan?”

“Nítorí ewé kan.”

Ó wo ojú mi, ó rí i pé mi ò ṣeré. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tú híjáàbù mi kúrò lára ẹ̀gún, òwú kan lẹ́yìn òwú kan. Ó pẹ́ kó tó tú u tán. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá, Zuweira náà ti gun àpótí lọ́hùn-ún kó lè ríran dáadáa. Ara ọkùnrin náà ń rùn bí ewé tútù. Mo ń gbàdúrà pé kó tètè tú u, mo sì tún ń gbàdúrà pé kó má tètè tú u.

Nígbà tó ṣe tán, kò wò mí mọ́, igi ló ń wò. “Chale, igi yìí ń jìyà o.”

“Igi ló ń jìyà? Èmi tó so mọ́lẹ̀ ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti pá. Orí nìkan ló ń rí oòrùn. Ẹni tó ni igi yìí rò pé òun ń kẹ́ ẹ ni. Ó ń pa á ni.”

Mo wo ìsàlẹ̀ igi náà, ọ̀pá gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ orí mi. Inú bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo sọ pé ẹ ṣeun, mo sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wá sí ìsọ̀ wa ní Odawna, ó ra ọ̀pá aṣọ méjì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ra ọ̀pá méjì nínú aṣọ kan náà. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo bi í pé kí ló fẹ́ fi rán.

“Mi ò tíì mọ̀,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó pọ̀ díẹ̀ ná.”

“Ẹ ò kúkú ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?”

“Bí mo bá rà á lẹ́ẹ̀kan, kí ni máa sọ pé mo wá ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

Ọjọ́ yẹn ni a jọ jẹ waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà, lórí àga gbọọrọ ẹ̀yìn ìsọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ara rẹ̀ fún mi. Ọmọ Àlàájì Àrówólò tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní Abossey Okai ni. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó máa ta ẹ̀yà ọkọ̀, àmọ́ ó ti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ọgbà àwọn olówó ní Cantonments. “Bàbá mi ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ fún àwọn ará ọjà pé koríko ni ọmọ òun ń gé,” ló wí. “Ṣùgbọ́n Fáò, irin tó bá ti kú ti kú. Igi, wàá rò pé ó ti kú, lọ́jọ́ kan ó máa yọ ewé sí ọ lójú.”

Ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mo bá gbọ́ ìró aboboyaa ní títì, màá ṣi aṣọ wọ̀n fún oníbàárà. Àmọ́ ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn: bó bá bi mí pé báwo ni ara mi, ìbéèrè kejì ni pé báwo ni làálì yín. Mo máa ń ro ó pé, ṣé èmi ni ọkùnrin yìí fẹ́ ni, àbí igi wa? Lọ́jọ́ tó sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ bi í nìyẹn.

Ó rò ó díẹ̀. Ìyẹn ló dùn mọ́ mi, pé ó rò ó. “Igi ló mú mi dúró,” ló wí. “Ìwọ ni mo ń padà wá wò.”

Màmá Adùnọlá ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá mi. Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo ń gbọ́.

“Àkíbù, ọmọ rẹ ti rí ẹni tó wù ú.”

“Al-hamdu lillahi. Ìsọ̀ mélòó ló ní?”

“Kò ní ìsọ̀. Igi ọgbà ló ń gé.”

Mo gbọ́ tí Bàbá gbé ife tíì kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ojú mi dáadáa. Èmi Àkíbù, kí n mú ọmọ mi kan ṣoṣo fún agégi? Kí ni wọ́n á máa jẹ, ewé?”

“Ewúrẹ́ ń jẹ ewé, ó sì ń sanra.”

“Màmá!”

“Má pariwo mọ́ mi. Èmi ni mo pọ̀n ọ́. Ọkùnrin mélòó ló ti wá fẹ́ ọmọ yìí tí wọn ò rí géètì? Èyí nìkan ló rí i.”

Mo gbọ́ tí Bàbá fa tíì rẹ̀ tán. Mo di ìlẹ̀kùn mú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. “Ó dáa. Ṣé igi ni iṣẹ́ rẹ̀? Kó wá gé ti Àmínátù. Bó bá hù padà kí ogójì ọjọ́ tó pé, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Bó bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kó má gba Kokomlemle kọjá mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí.”

Mo mọ bàbá mi. Ó rò pé ẹ̀rù máa ba ọmọkùnrin náà ni. Ẹ̀rù ba èmi gan-an. Igi ìyá mi kan ṣoṣo nìyẹn, ọkùnrin tí mo fẹ́ náà sì kan ṣoṣo ni, Bàbá sì ti so méjèèjì mọ́ra.

Ẹ̀rù ò ba Suhaib. Ó dé ní ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tún ní àbá tirẹ̀. “Bàbá, mi ò ní gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Apá iwájú lọ́dún yìí. Apá ọ̀tún tó wà láàrin yín àti Màmá Zuweira, ọdún tó ń bọ̀. Apá òsì, ọdún kẹta. Igi àgbà ò fẹ́ kí wọ́n gba gbogbo ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.”

“O ti ń wá bí o ṣe máa máa wọ ilé mi fún ọdún mẹ́ta.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Bàbá mi ò retí ìdáhùn yẹn. Ó fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Sunday kan ní ìparí oṣù March ló gé e, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó fi sípírítì nu ayùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé apá iwájú láti òkè wá sílẹ̀, títí tó fi kù sí orúnkún. Ó jẹ́ kí ojú ibi tó gé dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí omi má bàa dúró lé e. Kò sí ohun tí a ò rí nínú igbó yẹn: bọ́ọ̀lù mẹ́ta, bàtà ẹsẹ̀ kan, ọmọrí ìkòkò Màmá Zuweira, ológbò kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti nọ́ńbà ilé wa tí gbogbo wa ti gbàgbé.

Ọ̀sán yẹn ni ìmọ́lẹ̀ wọ pálọ̀ wa. Ó bá fọ́tò ìyá mi lára ògiri. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú rẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀. Bàbá mi dúró níwájú fọ́tò náà, ó sì gba ẹ̀yìn lọ jókòó sí ilé ìdáná títí wọ́n fi kó ẹ̀ka tán. Mo sunkún díẹ̀, mi ò jẹ́ kí Suhaib rí mi.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Kùkùté gbígbẹ ló tò lọ níwájú ilé, kò sí ewé kan. Màmá Zuweira yọjú, ó ní, “Ẹ kú ọ̀fọ̀ o.” Màmá Adùnọlá ń da omi sí i ní àárọ̀, èmi ń da omi sí i ní ìrọ̀lẹ́, ìkankan nínú wa ò sọ fún èkejì. Nígbà tí Suhaib wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì nínú ẹrọ̀fọ̀.

“Ta ló ń ṣe èyí? Ṣé ẹ fẹ́ kí igi yìí mọ̀wẹ̀ ni? Làálì ò fẹ́ omi púpọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, ó máa hù láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá.”

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, kò hù. Ogún ọjọ́ pé. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, koríko hù níbi gbogbo, ó tilẹ̀ hù lórí òrùlé wa, làálì ò hù. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Suhaib kúnlẹ̀ tì í, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Ó tutù, ó sì ní àwọ̀ ewé.

“Ó wà láàyè,” ló wí. “Kò yé mi. Ó yẹ kó ti hù.”

“Ṣé ó dá ọ lójú pé o mọ iṣẹ́ yìí, Suhaib?”

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo ti kábàámọ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. “Mo mọ iṣẹ́ mi, Fáò. Mo rò pé ìwọ náà mọ̀.” Ó gun aboboyaa rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò wá ra aṣọ. Mo ń wo ìdìpọ̀ aṣọ tó kù nínú èyí tó máa ń rà, bí oníbàárà mìíràn bá ní òun fẹ́ ẹ, màá ní ó ti tán.

Bàbá mi nìkan ni ara rẹ̀ yá ní gbogbo àkókò yìí. Òun ló ń kọ́kọ́ jí ní àsùbá, á mú búútà rẹ̀, á ní níta ni òun ti fẹ́ ṣe àlùwàlá, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí òun. Àlùwàlá náà ń gùn lójoojúmọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí jẹ gbogbo oúnjẹ, bí ẹnikẹ́ni bá sì na ọwọ́ láti kí i, á fi ọwọ́ sí àpò jàlàbíà. A rò pé ọjọ́ orí ni.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógójì, Màmá Adùnọlá ro tuo zaafi lọ́sàn-án, ó sì rẹ gbogbo ṣíbí sínú omi ọṣẹ. Bàbá béèrè ṣíbí. Màmá ní, “Hausa wo lo rí tó ń fi ṣíbí jẹ tuo? Fọ ọwọ́.” Ó bu omi, ó dúró tì í. Bàbá yọ ọwọ́ jáde díẹ̀díẹ̀.

Àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀lé e pọ́n bí ọwọ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín.

“Àkíbù,” ni Màmá wí. “Ta ló lé làálì fún ọ?”

“Làálì kẹ̀? Aṣọ ìsọ̀ ló ṣí sí mi lọ́wọ́.”

“Aṣọ wo ló ń ṣí sí ìka méjì péré? Àbí ìwọ ni a fẹ́ sìn lọ sílé ọkọ, tí ẹnìkan ò sọ fún wa?”

Ó fà á dìde, ó fà á jáde síwájú ilé, mo tẹ̀lé wọn. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo kùkùté àkọ́kọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló kún fún ọgbẹ́ kéékèèké, níbi tí ọ̀mùnú ti yọ tí èékánná sì ti já a. Kùkùté kejì náà rí bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀kẹta.

Bàbá mi jókòó sórí àpótí àlùwàlá rẹ̀. Ó kéré lójú mi.

“Ọjọ́ kẹsàn-án ló hù,” ló wí. “Mo rí i ní àsùbá, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Mo la ẹnu láti pè yín. Mo wá rò ó pé bí mo bá pè yín, Fáòsíà á lọ. Ni mo bá já a. Lọ́jọ́ kejì, méjì hù. Mo já méjèèjì, mo fi ẹrẹ̀ pa ojú ọgbẹ́ wọn. Lánàá, mo já ogójì, kí n tó já a tán, ilẹ̀ ti mọ́.”

“Astaghfirullah,” ni Màmá wí.

“Ìgbà tí Àmínátù lọ, mo ní kò burú, igi rẹ̀ wà, ọmọ rẹ̀ wà. Wọ́n gé igi. Bí wọ́n bá tún mú ọmọ lọ, ta ni máa bá sọ̀rọ̀?” Ó wo ìka rẹ̀. “Àwọn àlejò ọjọ́sí, ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀? Mo máa ń gbọ́ wọn láti pálọ̀. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń béèrè pé níbo ni géètì wà. Mo jókòó, mi ò dáhùn.”

Inú bí mi gidigidi. Ìgbéyàwó mẹ́ta! Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó máa dùn ún. Ojú mi bọ́ sí ìka méjèèjì yẹn tó pọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì wọlé padà. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju bí inú ṣe ń bí mi lọ. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì ń sunkún, Màmá Adùnọlá sì ń pe Suhaib lórí fóònù pé kó máa bọ̀ kíákíá, àwọn ti mú olè.

Mo rò pé á bínú. Ó wo kùkùté gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ìka bàbá mi, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń bá mi ṣiṣẹ́! Bí wọ́n bá já orí ọ̀mùnú kan, méjì ló máa yọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọgbà rẹ̀ ki, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Mi ò tíì rí igi tó múra àtihù tó báyìí. Ẹ sáà dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta.”

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ní òun ò bínú mọ́, òun kàn ń ro ó pé ọ̀sẹ̀ yẹn gùn ju ọdún lọ. Ó bi mí bóyá aṣọ òun ṣì wà. Mo ní ó wà.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógójì, iwájú ilé wa ti tutù yọ̀yọ̀, ó ki láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bàbá mi pe Suhaib. “Kí àwọn ènìyàn rẹ wá,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì le.

“Bàbá, apá ọ̀tún àti apá òsì ṣì kù. Ọdún méjì. Ẹni tó máa gé e gbọ́dọ̀ máa wá wò ó ní gbogbo Sunday, òun àti ìyàwó rẹ̀.”

“Gbogbo Sunday?”

“Títí igi náà á fi sọ pé ó tó.”

“Ẹ máa tètè dé,” ni Bàbá wí. “Mi ò fẹ́ràn kí n máa dá jẹun ọ̀sán.”

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Màmá Adùnọlá ti se oúnjẹ, mo ti wọ aṣọ, Bàbá wọ agbádá ńlá, ó jókòó sí pálọ̀. Kò sí igbó níwájú géètì mọ́, ọkàn mi balẹ̀. A dúró títí. Ago mẹ́rin kọjá.

Bàbá mi gbé orí sókè. Etí rẹ̀ ti mọ ohùn àlejò tó ń wá géètì fún ọdún pípẹ́. “Wọ́n ti dé,” ló wí.

“Níbo?” ni Màmá béèrè.

Ó nawọ́ sí ilé kejì.

Ó wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí a ti mọra ni Suhaib ti sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n wá géètì tí làálì gíga bò. Apá iwájú wa ti kúrú. Apá ọ̀tún, tí kò tíì kàn, ló ṣì ga, ẹ̀gbẹ́ géètì Màmá Zuweira ló sì dúró sí, bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Mo gbọ́ ìró ṣíbí.

Mo wo bàbá mi. Ó jókòó gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń jókòó. Kò nílò kó ṣe ohunkóhun kí ọmọkùnrin yìí tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kó sáà dákẹ́ ni. Mo fẹ́ sọ pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.

Ó dìde. Kò wá bàtà rẹ̀. Kò tilẹ̀ gba géètì. Ó gbá agbádá jọ sí àyà, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí làálì ìyá mi, ó gbé èkejì, ó bọ́ sí títì. Màmá àti èmi ń sáré tẹ̀lé e. Nígbà tí a dé ilé Màmá Zuweira, Zuweira ti wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú omi, ojú rẹ̀ le. Àlàájì Àrówólò, ẹni tó fìrí jọ Suhaib, ti nu ẹnu, ó ń tún ọ̀fun ṣe.

“A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín…”

“Tèmi ni!” ni bàbá mi kígbe láti ẹnu ọ̀nà. “Màmá Zuweira, ẹ má dá a lóhùn! Òdòdó tèmi ni wọ́n rí!”

“Àlàájì,” ni Màmá Zuweira wí, “wọn ò tíì jẹun tán.”

“Kí wọ́n gbé e dání!”

Àlàájì Àrówólò ń wo ọkùnrin agbádá tí kò wọ bàtà yìí. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé tí igi bò ni wọ́n júwe fún wa.”

Bàbá mi mí sókè, ó mí sódò. Ó wò mí. “Igi kọ́ ló bò ó,” ló wí. “Èmi ni. Ẹ dìde, àna mi, ẹ máa bọ̀ nílé.”

Zuweira gbé omi sílẹ̀, ó ní, “Medaase paa, Bàbá, ẹ ṣeun.” Ó ti ní ẹni tirẹ̀ ní Nima, ìyá rẹ̀ ni kò tíì mọ̀. Àwọn àna mi jẹun lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn, ìkankan nínú wọn ò jiyàn.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú yìgì wa, Bàbá ló fúnra rẹ̀ já ọ̀mùnú làálì náà, abọ́ kan tó kún. Màmá Adùnọlá gún un, ó lé e sí mi lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó ń pe oríkì ìyá mi ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó ku díẹ̀ nínú abọ́ nígbà tó ṣe tán. Bàbá mi sún àpótí rẹ̀ mọ́ wa, ó na ìka méjì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ fi díẹ̀ kan tèmi,” ló wí. “Ó ti ń ṣí.”